Ìrorẹ́ Ojú Mi àti Ìpara Àǹtí

Ìgbà tí mo wà ní JSS3 ni ìrorẹ́ àkọ́kọ́ yọ sí mi níwájú orí. Àsìkò SAP ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí gbogbo ilé máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ká sọ òótọ́, inú mi dùn sí i. Àwọn ọmọbìnrin tó ṣáájú mi nílé ìwé ní ẹyọ kan tàbí méjì, wọ́n á sì máa fọwọ́ kàn án bí ẹni tó fẹ́ káyé mọ̀ pé òun ti dàgbà. Mo ní tèmi náà ti dé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí gbogbo iwájú orí mi fi kún. Nígbà tí mo fi máa wọ SS1, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó gba àgbọ̀n, ó sì di kókó ńláńlá tó ń roni bí éèwo. Bí mo bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn ni mo fi ń lélẹ̀, torí n ò lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ìrọ̀rí.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwọn òbí mi. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi wá sí Ìlọrin, ìyá mi sì jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé tí ayálégbé mẹ́rin jọ ń gbé la wà, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo la sì jọ ń lò nínú àgbàlá. Kò síbi téèyàn lè fojú pamọ́ sí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń gbé báàkẹ́tì lọ síbi ẹ̀rọ, àràárọ̀ sì ni ẹnì kan ń fún mi nímọ̀ràn tí n kò béèrè. Ọ̀kan ní kí n máa fi itọ́ àárọ̀ pa á kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òmíràn ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n ní ẹ̀pà ló ń fà á, mo jáwọ́ nínú ẹ̀pà. Ọdún méjì gbáko ni n kò fi ẹ̀pà kan ẹnu, ìrorẹ́ kò sì mọ̀ pé mo gbààwẹ̀ nítorí òun. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́ títí awọ ojú mi fi ń ṣí. Mo fi ọṣẹ ìfọyín lé e. Mo fi sípírítì nù ún, ó ta mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀.

Nílé ìwé, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa sọ mí ní Gúgúrú. Orúkọ náà mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí tíṣà ìṣirò wa fi pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, tí òun náà sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tí n kò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ọmọ ilé ìwé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìyá mi rò. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pè mí wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn, ó gbé Bíbélì lé mi lórúnkún. Ó ní, "Ta ni ọkùnrin náà?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo bi í pé ọkùnrin wo. Ó ní ìrorẹ́ kì í kún ojú ọmọ tí ọkàn rẹ̀ mọ́ báyìí, pé ohun tí ọmọbìnrin bá ń rò ní kọ̀rọ̀ ni ara rẹ̀ ń sọ síta. Mo búra. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lé Bíbélì, mo sì búra pé kò sí ẹnikẹ́ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo ti dì mú rí ni ọwọ́ bàbá mi, ìyẹn nígbà tí mo ṣì kéré tí a bá fẹ́ sọdá títì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló mú mi lọ bá àwọn ìyá aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbà fún mi. Mo kúnlẹ̀ sáàárín wọn, wọ́n da òróró sí mi lórí, ọ̀kan nínú wọn sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́ mi lójú bí ẹni tó ń pa òróró mọ́ inú agolo mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọ ojú títí ọjọ́ kẹta á fi pé. Nígbà tí ọjọ́ kẹta fi máa pé, ojú mi ti wú, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìrorẹ́ tuntun ti sọ jáde, ojú òsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí mọ́. Ìyá tó pa òróró mọ́ mi wò mí, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ náà ló ń jáde yẹn. Ìyá mi mi orí pé lóòótọ́ ni. N kò gbàgbé bó ṣe mi orí yẹn.

Bàbá mi kò dá sí i. Ìwé ìròyìn ló máa ń wà láàárín òun àti ọ̀rọ̀ ilé, bó bá sì ti kà á tán, á tún un kà.

Ẹnì kan ṣoṣo tó bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn nígbà náà ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Àǹtí là ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Táíwò Road, ìpara, àtíkè, lọ́fínńdà àti irun àtọwọ́dá ló ń tà. Awọ ara rẹ̀ pupa, ó ń dán, àfi oríkèé ìka rẹ̀ nìkan tó dúdú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo parí SS2, ó ní kí n máa wá bá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ní họlidé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó gbé àgbọ̀n mi sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ṣé ìwọ̀nba èyí ni wọ́n ń torí ẹ̀ fi ààwẹ̀ jẹ ọmọ níyà? Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, níbi tó ti máa ń po ìpara. Ó fún oríṣi mẹ́ta láti inú tíúbù, ó da ìpara funfun inú ike ńlá kan mọ́ ọn, ó rò ó pọ̀ nínú abọ́ rọ́bà. Ó rọ ọ́ sínú kóló kékeré kan, ike olómorí, fún mi. Ó ní kí n máa pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n má sì sọ fún ìyá mi.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ṣì rántí àárọ̀ ọjọ́ tí mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì tí n kò bá kókó kankan níbẹ̀. Ojú mi jọ̀lọ̀. Ó sì mọ́, ó mọ́ ju ọrùn mi lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ọrùn? Mo jókòó síwájú dígí títí ìyá mi fi pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà rí i. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́.

Àǹtí gbé àga mi kúrò lẹ́yìn kọ́tìnì, ó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá wọlé, á pè mí dìde, á ní kí wọ́n fọwọ́ kàn mí lójú. Á ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rèé. Bẹ́ ẹ bá rí ojú yìí lóṣù tó kọjá, ẹ ó sá." Ó mú mi lọ ya fọ́tò, ó sì gbé e kọ́ sí ara ògiri láàárín àwọn ike ìpara. Àwọn obìnrin ń ra kóló méjì, mẹ́ta. Mi ò rí nǹkan burúkú nínú ẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n gbé fọ́tò òun kọ́ lẹ́yìn ọdún méjì tó ti ń lo orúkọ Gúgúrú? Ìgbà yẹn náà ni mo ya fọ́tò tí mo lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣejáde wa.

Ọyẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan kan kò lọ déédéé. Awọ ojú mi pupa, ó tín-ín-rín bíi ti àlùbọ́sà, iṣan wínníwínní sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Oòrùn kò ṣeé dúró sí. Irun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ìrorẹ́ padà dé, kì í sì í ṣe bó ṣe lọ ló ṣe dé. Mo sáré lọ bá Àǹtí. Ó ní ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ ló ń jáde, kí n fi kún un. Mo fi kún un. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, ojú mi jó bí ẹni tí wọ́n da omi ata sí lójú, mo sì sáré padà sídìí kóló. Mo lò ó láàárọ̀, mo lò ó lọ́sàn-án, mo lò ó lálẹ́.

Ní họlidé Àjíǹde ni mo tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fi gèlè bo ojú dé imú. Obìnrin méjì wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń yẹ ìpara wò. Afẹ́fẹ́ fáànù gbé etí gèlè náà, ọ̀kan nínú wọn sì rí mi. Ó wò mí, ó wo fọ́tò ara ògiri, ó tún wò mí. Ó bi Àǹtí pé, "Ṣé kì í ṣe ọmọ yìí náà lẹ gbé kọ́ yẹn?"

Àǹtí kò tilẹ̀ ṣiyèméjì. Ó ní, "Rárá o. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó jọ pé ọ̀nà ló fẹ́ béèrè."

Ó wá yíjú sí mi, ó fi ohùn téèyàn fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ bi mí pé ibo ni mò ń lọ. Mo ní Ọjà-Ọba ni. Ó fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún mi dáadáa, ó sọ ibi tí mo ti máa wọ táàsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, mo sì jáde. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ọjà-Ọba lóòótọ́ nínú oòrùn yẹn, bí ẹni pé tí n kò bá débẹ̀ èmi ni mo parọ́. Lẹ́yìn náà ni mo yí padà sílé.

Nọ́ọ̀sì kan wà lára àwọn ayálégbé wa, ọmọ Gàmbàrí ni, opó tó ń dá gbé ní yàrá tó kángun sí ẹ̀rọ omi. Òun nìkan ni kò gbà mí nímọ̀ràn rí nínú gbogbo ilé náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá mi níbi tí mo ti ń bu omi tútù sójú, tí mo ń sunkún. Ó tú gèlè lórí mi. Ó ní, "Sùbúhánàlláhì. Kí lo fi ń pa ojú?"

Mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ mú kóló náà wá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní a ó gbé e lọ fún dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́, torí kì í ṣe nǹkan tí nọ́ọ̀sì lè fi ojú lásán tọ́jú. Nígbà tó bá ìyá mi sọ ọ́, ìyá mi ní ṣé ìrorẹ́ ló kù tí a ó gbé lọ sọ́sibítù, níbi tí ọmọ ẹlòmíì ti ń kú ikú ibà. Ó ní ẹ̀mí ló ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, pé òun ti rí i bó ṣe lọ tó tún padà. Nọ́ọ̀sì náà kò bá a jiyàn. Ó lọ dúró síwájú bàbá mi títí ó fi ká ìwé ìròyìn kúrò lójú. Bàbá mi wò mí. N kò mọ ìgbà tó ti wò mí gbẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ."

Ọjọ́rú nìkan ni dókítà awọ ara ń gba èèyàn. Aago méje àárọ̀ la ti débẹ̀, a gba káàdì, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tí awọ ara wọn ti bó, àwọn tí ọwọ́ wọn ti sán, ìyá ọlọ́mọ tí orí ọmọ rẹ̀ kún fún egbò. Kò sẹ́ni tó wo ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó pè wá.

Obìnrin ni dókítà náà, ó ti dàgbà, awò rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí ṣóńṣó imú. Kò bèèrè ọkùnrin. Ó fọ ọwọ́, ó fi ìka rẹ̀ kàn mí lójú láìwọ ìbọ̀wọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ara mi gbọ̀n. Ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní rárá. Kì í ṣe ìrora ni, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí lójú láìjẹ́ pé ó ń polówó tàbí pé ó ń lé ẹ̀mí jáde.

Ó fi bírò ya àwòrán sẹ́yìn káàdì mi. Ó ní ihò wínníwínní tí irun ti ń hù wà lára awọ, pé ọ̀rá díẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde lára gbogbo èèyàn. Bí ọmọ bá ń bàlágà, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ á mú kí ọ̀rá náà pọ̀ sí i. Bí ihò bá dí, ọ̀rá á há síbẹ̀, kòkòrò á wọ̀ ọ́, á wú. Ó ní bí ìrorẹ́ ṣe ń wá nìyẹn. Ó ní àwọn kan a máa ní in ju àwọn kan lọ, bóyá bàbá tàbí ìyá náà ní in rí. Ó bi mí ohun tí mo ti lò. Mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé orí òróró, ó ṣíwọ́ kíkọ.

Ó ní, "Wọ́n fi òróró dí ihò tó ti dí tẹ́lẹ̀."

Nígbà tó ṣí kóló Àǹtí, ó ní oògùn líle kan ló wà nínú rẹ̀, oògùn tí àwọn dókítà máa ń fún èèyàn fún ọjọ́ díẹ̀ fún àìsàn awọ mìíràn, pé ó máa ń pa wíwú lẹ́nu mọ́ fúngbà díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì jẹ́ kí ìrorẹ́ padà pẹ̀lú agbára. Mo bi í pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tó mú mi bèèrè, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lójú rẹ," ó wí. "Awọ ara ni."

Nọ́ọ̀sì tó mú mi wá yíjú sí wíńdò.

Dókítà náà kọ kápúsù fún mi àti ìpara funfun kan tí mo gbọ́dọ̀ pa fẹ́ẹ́rẹ́ lálẹ́ nìkan. Ó ní kí n má fi wàrà gbé kápúsù náà mì, kí n yẹra fún oòrùn, kí n má tẹ ohunkóhun lójú, kí n fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì péré lóòjọ́. Ó sì là á mọ́lẹ̀ fún mi pé yóò burú sí i ná, torí awọ mi á máa bèèrè ìpara Àǹtí, àti pé yóò tó oṣù mẹ́ta kí n tó rí nǹkan gidi.

Ó burú sí i lóòótọ́. Inú rẹ̀ ni ìdánwò àṣejáde bá mi. Lọ́jọ́ ìwé kejì, alábòójútó kan tó ti ibòmíràn wá mú káàdì mi, ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó ní èmi kọ́ ni mo ni káàdì náà. Ó ní kí n dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Ó ní ọmọ inú fọ́tò pupa, ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, pé ta ló bẹ̀ mí kí n wá kọ ìdánwò fún un. Wọ́n ní láti lọ pe ọ̀gá ilé ìwé wa. Ó wọlé, ó wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Òun ni. Ìrorẹ́ ló ń ṣe é." Mo jókòó. Ìdajì wákàtí ti lọ. Ẹ̀kọ́ Ìtàn ni mo ń ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, mo sì fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Èmi àti nọ́ọ̀sì náà ń lọ sọ́sibítù ní oṣooṣù. Ìpara funfun yẹn bó àwọ̀ aṣọ ìrọ̀rí mi títí ó fi ní àmì funfun káàkiri, ìyá mi sì ń ráhùn nípa aṣọ ìrọ̀rí. Ní oṣù kẹta, kókó tuntun kò yọ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ara ojú mi balẹ̀. Àwọ̀ mi padà, dúdú bí Ọlọ́run ṣe dá a. Àpá dúdú ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó jìn wọnú kò lọ. Dókítà náà fi ìka tọ wọ́n, ó ní ó dun òun, ká ní wọ́n tètè mú mi wá ni, èyí tó pọ̀ nínú wọn kì bá tí sí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Ó ṣì ń ró sí mi létí.

Lópin ọdún náà, ìyá mi pè mí dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò ìjẹ́rìí. Ó ní ààwẹ̀ àti òróró ti ṣe é, pé ẹ̀mí tó ń fi ojú ọmọ òun ṣeré ti pàdánù. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá tó pa òróró mọ́ mi lójú jó wá síwájú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ojú tí kápúsù wò sàn, n kò lanu. Ní ti Àǹtí, ó gba ṣọ́ọ̀bù kejì mọ́ tàkọ́kọ́. Ó sọ fún bàbá mi pé n kò tẹ̀lé ohun tí òun sọ fún mi ni, àti pé díẹ̀ ló kù kí n ba ọjà òun jẹ́. Bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi bó ṣe gbọ́ ọ, kò fi nǹkan kan kún un. Bí a bá pàdé ní òde ẹbí, mo ń kúnlẹ̀ kí Àǹtí, ó sì ń béèrè iṣẹ́ mi àti ìlera mi.

Ìgbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, mo wá kí ìyá mi nílé. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọ aládùúgbò kan kọjá, ojú rẹ̀ kún fún ìrorẹ́, ìyá mi sì ní ó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ rí dókítà awọ, pé ọ̀rọ̀ ihò tó dí ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Mo bi í pé kí ló dé tí òun kò gbé mi lọ.

Ó ní, "A ò mọ̀ nígbà yẹn."

Mo ní, "Ẹ ò bi mí, Màmá. Ọkùnrin lẹ bi mí. Ẹ ò bi mí bóyá ó ń dùn mí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò nínú àtẹ, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wo ilẹ̀, ó wá ní kí n sún abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún mọ́ òun. Mo sún un mọ́ ọn. A bó gbogbo rẹ̀ tán, mo gbé àpò mi, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì wá táàsì lọ.